Ọmọ Màlúù Tí Wọ́n So Mọ́ Ìyá Rẹ̀

Òórùn ni mo kọ́kọ́ bá pàdé ní Abidjan. Yàrá tí wọ́n bá mi gbà wà ní Port-Bouët, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń gbé òórùn ẹja wá láàárọ̀, tí á sì tún gbé òórùn epo wá láti ìhà Vridi bó bá di ọ̀sán. Obìnrin kan tó ń ṣe àchẹ́kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ níbí, ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Omi ẹ̀gẹ́ kíkan tó bá fún dànù, ẹnu ọ̀nà mi ló ń gbà kọjá. Lọ́jọ́ tí mo dé, mo jókòó sórí báàgì mi, mo fi ọwọ́ di imú, mo ní ṣé ibi tí gbogbo ọ̀dọ́ Ṣakí ń sáré wá nìyí.

Àwọn tó bá ti ìdálẹ̀ dé máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n fi oyin ṣe lálejò níbẹ̀. Èmi ò rí oyin. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo rí níbí ló rí mi lára, bó sì ṣe rí gan-an ni mo fẹ́ sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn ilé gogoro àti iná afárá, kó wá ẹlòmíràn lọ.

Ní Ṣakí, iṣẹ́ òkúta ni mo ń ṣe. Èmi ni mo ń gbẹ́ orúkọ òkú sára òkúta sàréè, èmi náà ni mo ń gbẹ́ orúkọ onílé sára òkúta ìpìlẹ̀. Òkúta ò wọ́n wa, àpáta ló yí ìlú wa ká. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀rọ tó ń tẹ orúkọ sára táìsì dé, iṣẹ́ mi tutù. Táìsì ń dán, fọ́tò olóògbé á tún wà lára rẹ̀ tòun ti fìlà. Ta ló tún fẹ́ dúró de ẹni tó ń fi hámà gbẹ́ òkúta ní kọ́kọ́kọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀? Mo di ẹrù mi.

Ẹ̀gbọ́n mi kan láti agboolé wa ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Adjamé. Ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dúró sí. Iṣẹ́ mi ni kí n dúró níta, kí n máa pe àwọn tó ń kọjá. Kí ni mo fẹ́ fi pè wọ́n? Mi ò gbọ́ Faransé, mi ò gbọ́ Jùlá. Bí mo bá ti la ẹnu, àwọn ọmọ ọjà á ní, "Ànàgó ti dé," wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Ànàgó ni wọ́n ń pe gbogbo wa, ì báà jẹ́ ará Ṣakí, ì báà jẹ́ ará Ìsẹ́yìn. Nílé, mo lórúkọ, mo ní oríkì, bí mo bá ń lọ lọ́nà wọn á kí mi kí baba mi. Níbí, mo kàn di irú èèyàn kan. Ó máa ń dùn mí wọ egungun.

Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé kò sí ọjọ́ tó dáa. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi Jùlá ná ẹja, tí ìyá ẹlẹ́ja náà dá mi lóhùn láìrẹ́rìn-ín, tó tún fi ẹyọ kan ṣe èènì fún mi, mo rìn délé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè. Mo jẹ ẹja náà tán, mo tún lá abọ́.

Òkúta ló tún gbà mí sílẹ̀. Ìyá onílé wa máa ń ráhùn pé àwọn ayálégbé ń gbé ọlọ òun lọ láìtọrọ. Mo bá a gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sára ọlọ náà, gàdàgbà gàdàgbà, kó má ṣeé pa rẹ́. Ọkùnrin kan wá kí i lọ́jọ́ kan, ó rí ọlọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tọ ojú ibi tí mo gbẹ́. Ó ní ta ló ṣe é. Tọ̀ntọ́n Múfú lorúkọ ọkùnrin náà; tọ̀ntọ́n ni wọ́n ń pe àgbà ọkùnrin níbí. Ìgbòho ni baba rẹ̀ ti wá, àmọ́ Treichville ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, Faransé ló fi ń di àlàfo. Kò bi mí lórúkọ rí. Ṣakí ló ń pè mí láti ọjọ́ náà.

"Ṣakí," ó ní, "mo ní àtẹlíyé ní Yopougon, ní Zone. Iṣẹ́ òkúta ni. Tu viens, máa bọ̀ lọ́la."

Zone ni wọ́n ń pe àdúgbò tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wà ní Yopougon. Àtẹlíyé rẹ̀, ìyẹn ibi iṣẹ́ rẹ̀, fara pamọ́ sẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí kan, ó ní páànù lórí, kò ní ògiri níwájú. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó fi àwòrán hàn mí. Ara àpáta ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, tí wọ́n fi amọ̀ kùn ún, nínú aṣálẹ̀ tó wà lókè Niger lọ́hùn-ún. Màlúù ló kún ibẹ̀, ìwo wọn gùn, àwọ̀ ara wọn funfun, ó tún pupa. Àwọn èèyàn tín-ín-rín ń dà wọ́n, àwọn obìnrin jókòó síwájú àtíbàbà, ajá kan sùn sílẹ̀. Ó ní àwọn tó yà á ti kú, ó ti pẹ́ kọjá ayé baba ńlá èyíkéyìí tí ẹnikẹ́ni lè dárúkọ. Ó ní nígbà ayé wọn, koríko ló wà níbẹ̀, odò ń ṣàn, adágún omi wà. Aṣálẹ̀ ò tíì di aṣálẹ̀. Ó ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì ń wá irú rẹ̀ tí wọ́n máa gbé kọ́ ara ògiri, kó ṣáà ti dà bí ti àtijọ́.

Mo wo àwòrán náà pẹ́. Èmi tí mo ti ń gbẹ́ orúkọ òkú káàkiri, mi ò rí ibi tí òkú ti fúnra rẹ̀ gbẹ́ ohun tó fẹ́ sílẹ̀ rí. Mo ní mo lè ṣe é.

Ẹni tí mo bá níbẹ̀ ni Sẹ́ẹ̀jì, ọmọ Abidjan pọ́nńbélé, tó ń pe gbogbo ayé ní mọ̀gọ̀. Èèyàn ni mọ̀gọ̀ lédè àwọn ọ̀dọ́ ibí. Sẹ́ẹ̀jì mọṣẹ́, kò ṣeé fojú di, àmọ́ kò sún mọ́ màlúù rí àyàfi lórí àwo. Ó ya obìnrin kan tó ń fún wàrà, obìnrin náà jókòó sẹ́yìn màlúù bí ẹni tó fẹ́ jí nǹkan lára rẹ̀. Màlúù náà dá dúró gedegbe. Mo ní, "Sẹ́ẹ̀jì, wàrà ò lè wá báyìí o." Ó ní kí ló dé.

Mo sọ fún un. Ìyá mi, wàrà ló ń ṣe tà ní Ṣakí. Láàárọ̀ kùtù, Gáà Fúlàní la máa ń lọ ra wàrà tútù, èmi ni mo ń ru kèrègbè. Níbẹ̀, màlúù ò ní í fi wàrà sílẹ̀ bí kò bá rí ọmọ rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ tú ọmọ sílẹ̀ kó mu díẹ̀. Nígbà tí wàrà bá ti sọ̀kalẹ̀, wọ́n á fà á kúrò, wọ́n á fi okùn kúkúrú so ó mọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ níwájú, kí ìyá máa gbóòórùn rẹ̀, kó máa lá a. Ìgbà yẹn ni obìnrin á wá bẹ̀rẹ̀ sí fún wàrà. Bí ọmọ bá kú, wọ́n á na awọ rẹ̀ síwájú ìyá, kó rò pé ó wà níbẹ̀. Mo mú hámà, mo fi ọmọ màlúù kan sára òkúta Sẹ́ẹ̀jì, mo so ó mọ́ ẹsẹ̀ iwájú.

Tọ̀ntọ́n Múfú rí i, inú rẹ̀ dùn. "Voilà," ó ní. "Èyí ní ìtàn nínú." Láti ìgbà náà, gbogbo òkúta tí obìnrin bá ti ń fún wàrà lára rẹ̀, mo máa ń so ọmọ màlúù mọ́ ọn. Màlúù mi fúnra wọn, bí mo ṣe ń yà wọ́n láti kékeré náà ni: orí níwájú, ọrùn nínà gbọọrọ, ìwo méjèèjì lókè. Tọ̀ntọ́n fẹ́ràn kí ìwo hàn dáadáa.

Gbígbẹ́ ò le. Ohun tó tẹ̀ lé e ló burú. Wọ́n gbẹ́ kòtò sẹ́yìn àtẹlíyé, wọ́n ń da ìtọ̀ màlúù sí i. Láti ọjà màlúù ní Port-Bouët ni wọ́n ti ń gbé e wá nínú kẹ́ẹ̀gì. Òkúta tí mo bá gbẹ́ tán, inú kòtò náà ló ń lọ, tòun ti ìgbẹ́ màlúù àti eérú, á wà níbẹ̀ títí á fi yí àwọ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́, wọ́n á tún gbé e sórí èéfín táyà. Tọ̀ntọ́n ní bí nǹkan ṣe ń gbó nìyẹn. Èmi ni mo ń fi ọwọ́ lásán kó wọn jáde. Mo fi ọṣẹ dúdú wẹ̀, mo fi kànìnkànìn ha ara, òórùn náà ò kúrò lábẹ́ èékánná mi. Bí mo bá wọ gbaka, ọkọ̀ èrò ibí, láti padà sílé, ẹni tó bá jókòó tì mí á yí ojú sí fèrèsé. Ọmọdébìnrin kan sọ fún ìyá rẹ̀ pé tọ̀ntọ́n yìí ń rùn. Ìyá rẹ̀ gbá a lẹ́nu, àwọn méjèèjì sì sún lọ sẹ́yìn ọkọ̀.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo máa ń pe ìyá mi.

"Irú iṣẹ́ wo lò ń ṣe níbẹ̀ gan-an, ọkọ mi?"

"Mò ń ya màlúù sára òkúta, Ìyá."

Ẹ̀rín pa á. "O fi Ṣakí sílẹ̀, níbi tí màlúù ti ń lé wa kúrò lóko, o wá lọ ń ya màlúù ní ilẹ̀ onílẹ̀?"

"Àwọn òtẹ́ẹ̀lì ló ń rà á."

"Ó dáa. Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Láìpẹ́, Ìyá."

Ìbéèrè yẹn ló fi ń parí ọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, èsì kan náà ni mo sì ń fún un. Ó sú mi láti máa sọ ọ́. Mo mọ̀ pé gbígbọ́ rẹ̀ sú òun náà.

Ìgbà kan wà tí Tọ̀ntọ́n rán mi lọ kọ́ òkúta kan sára ògiri òtẹ́ẹ̀lì létí òkun. Nígbà tí mo kọ́ ọ tán, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ wá dúró, wọ́n ń wò ó. Ọ̀kan nínú wọn ní ó wu òun. Mo jáde síta, mo dúró sábẹ́ igi àgbọn, mo wo òkun títí, ojú mi ń ṣomi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí Abidjan ṣe mí bí ìlú tí mo lè gbé nìyẹn.

Ọkùnrin kan tó ń fi kámíyọ̀ kó màlúù láti apá Niger wá sí Port-Bouët ló gbé òkúta kan wá tà fún Tọ̀ntọ́n, ìyẹn òkúta tí mò ń sọ ìtàn yìí nítorí rẹ̀. Láwàní bo ẹnu rẹ̀. Hausa ló ń sọ, Hausa ọjà tí mo gbọ́ láti Ṣakí sì tó mi í fi bá a sọ̀rọ̀. Ó fi àpò ìdọ̀họ wé òkúta náà. Kò tóbi ju àtẹ oníbúrẹ́dì lọ. Mo bi í níbi tó ti rí i.

Ó ní ara àpáta ni. Ó ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun dáná sí ìdí àpáta náà títí ó fi gbóná, wọ́n wá da omi tútù lù ú, ó sì sán. Ó ní màlúù pọ̀ lára àpáta náà, wọ́n tó agbo kan, gbogbo wọn ló fọ́ wẹ́wẹ́. Èyí nìkan ló jáde ní odindi. Ó fa láwàní kúrò lẹ́nu, ó ń sọ ọ́, ó ń fi igi ta eyín, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní bí wọ́n bá tún padà lọ, ó ku àpáta mìíràn tó ní erin lára. Mo ti rí èèyàn tó jí ewúrẹ́, mo ti rí èèyàn tó jí òkúta sàréè, mi ò rí èyí tó dáná sun odindi agbo màlúù kó lè jí ẹyọ kan rí.

Tọ̀ntọ́n tú àpò, ó gbé òkúta náà sórí tábìlì. Obìnrin kan ló lóṣòó, ó fi igbá sáàárín itan, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́mú màlúù. Ọmọ màlúù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, okùn kúkúrú so ó mọ́ ẹsẹ̀ iwájú. Màlúù náà yí ọrùn padà, ó ń lá ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ojú ibi tí wọ́n gbẹ́ ti rí bákan náà pẹ̀lú ara òkúta, ó dúdú, ó ń dán, kò sí kòtò ìtọ̀ kankan tó lè ṣe irú rẹ̀. Amọ̀ pupa díẹ̀ ṣì há sábẹ́ ikùn màlúù.

Mo ti rò pé Gáà tó wà lẹ́yìn Ṣakí ni mo ti kọ́ okùn yẹn. Ẹnì kan ti rí okùn náà kí ẹnikẹ́ni tó dá Ṣakí sílẹ̀. Ó jókòó síwájú àpáta, ó ní ohun tí òun rí láàárọ̀ yìí ò gbọdọ̀ ṣègbé. Mo na ọwọ́, mo fi ìka tẹ̀ lé okùn náà láti ọrùn ọmọ dé ẹsẹ̀ ìyá.

"Màlúù nìkan?" Tọ̀ntọ́n ní. Ó fa ojú ro. "Ó ṣófo jù. Ẹni tó fẹ́ rà á ń bọ̀ ní Sátidé. Ṣakí, fi àgùnfọn kan síbí. Fi ọdẹ kan síbí, kó mú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́. Kó o sì gbẹ́ màlúù yẹn jinlẹ̀ sí i, kò hàn."

"Tọ̀ntọ́n, èyí kì í ṣe tiwa. Èyí tòótọ́ nìyí."

"Et alors? Tòótọ́, ayédèrú, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Kí lo rò pé à ń tà láti ọjọ́ yìí? O rò pé òtẹ́ẹ̀lì ló ń kó gbogbo ẹ̀ lọ? Àwọn tó ń rà á, wọ́n gbà pé inú aṣálẹ̀ ló ti ń wá. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

Mo wo kòtò, mo wo àwọn òkúta mi tó wà níbẹ̀, orí màlúù yọ síta nínú ẹ̀gbin. Mo ti ń sọ fún ìyá mi pé òtẹ́ẹ̀lì. Mo wo Sẹ́ẹ̀jì. Ó ti mọ̀ tipẹ́, ojú rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. "Mọ̀gọ̀," ó ní, "gbẹ́ àgùnfọn sí i, jẹ́ ká lọ jẹun."

Mi ò gbẹ́ àgùnfọn sí i. Ní Ọjọ́bọ̀, Tọ̀ntọ́n lọ síbi òkú ní Bassam. Mo fi òkúta náà sínú àpò kan tí a fi ń kó òkúta wa, mo gbé e lé èjìká, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Plateau. Mo ti gbọ́ pé bíró kan wà níbẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ohun àtijọ́. Ohun tí mo ń rò kò ju pé bí mo bá ti gbé e lé wọn lọ́wọ́, ó bọ́ nìyẹn, hámà ò ní í kàn án mọ́.

Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ ní bíró náà, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán. Ọkùnrin tó dá mi lóhùn wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ṣe jẹ́jẹ́. Ó ní kí n gbé e sórí tábìlì. Bí mo ṣe tú àpò báyìí, òórùn ìtọ̀ màlúù gba gbogbo yàrá. Àpò náà ni, mi ò rò ó. Ọkùnrin náà fi ìka méjì di imú, ó yọjú wo òkúta, kò pẹ́ níbẹ̀.

"Yopougon," ó ní.

Mo ní rárá, aṣálẹ̀ ni.

"Àwọn tó ń ta ti Yopougon náà ń sọ pé aṣálẹ̀ ni. Ṣé o rí èyí?" Ó fi bírò nàka sí okùn. "Ẹni tó ń ṣe wọ́n níbẹ̀, ó máa ń so ọmọ màlúù mọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Òun la fi ń dá iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀. Àwọn èèyàn ti gbé ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ wá fún wa, gbogbo wọn ló ń rùn báyìí."

Faransé mi ò gún, àmọ́ mo sọ ọ́. "Mùsíọ̀, èmi ni ẹni yẹn. Èmi ni mo ń ṣe wọ́n. Èyí kì í ṣe ọwọ́ mi. Ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ wo inú ibi tí wọ́n gbẹ́."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó pe obìnrin kan láti yàrá kejì, ó ní kó wá wo oníṣẹ́ ọnà Yopougon tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ó wá ní, "Ìwọ ló ń ṣe ayédèrú, o sì fẹ́ kí n gbà ọ́ gbọ́ pé èyí tòótọ́ ni. Gbé e lọ kí n tó pe ọlọ́pàá." Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Ká ní èmi ni mo wà lórí àga rẹ̀, ohun tí mo máa sọ nìyẹn.

Mo gbé òkúta mi, mo padà. Tọ̀ntọ́n ti dé láti Bassam, ó dúró láàárín àtẹlíyé, ó tú bọ́tìnnì ọrùn.

"Níbo lo gbé òkúta mi lọ?"

Ó ti sú mi ju kí n máa wá irọ́ lọ. Mo ní, "Bíró ni mo gbé e lọ. Wọ́n ní ayédèrú ni. Wọ́n ní àwa la ṣe é."

Mo ń retí ẹ̀ṣẹ́. Kò gbé ọwọ́. Ó gba òkúta náà, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó tẹjú mọ́ okùn.

"Iṣẹ́ rẹ nìyí, Ṣakí," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Wo okùn rẹ. Olè ni ọmọkùnrin oníláwàní yẹn. Ó ra òkúta mi lọ́wọ́ ẹnì kan, ó sì gbé e wá tà fún mi."

Sẹ́ẹ̀jì ní òun náà ti rí i pé ọwọ́ mi ni. Tọ̀ntọ́n sọ òkúta náà sílẹ̀, ó ní kí Sẹ́ẹ̀jì gbé e sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ́, níbi tí omi máa ń dúró sí, kí àwọn èèyàn lè máa tẹ̀ ẹ́ kọjá.

"Ẹ fún mi," mo ní.

"Máa gbé e lọ. Gbé ara rẹ náà lọ pẹ̀lú ẹ̀. Mi ò fẹ́ rí ẹ níbí mọ́."

Bí mo ṣe kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Sẹ́ẹ̀jì pè mí lẹ́yìn Sátidé, ó sọ fún mi pé ẹni tó fẹ́ rà á dé, wọ́n sì fún un ní ọ̀kan nínú àwọn tó wà ní kòtò, èyí tí mo fi àgùnfọn àti ọdẹ sí lọ́jọ́ tí mò ń ṣeré. Ó ní àlejò náà gbé e mọ́yà, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan án, ó ní òun ń gbóòórùn ayé àtijọ́ lára rẹ̀. Mo ní, "Ìtọ̀ ló ń gbóòórùn." Sẹ́ẹ̀jì rẹ́rìn-ín títí fóònù fi já. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo jáde lọ tutọ́.

Àpò ni mò ń rù ní Vridi báyìí, lẹ́bàá omi. Òkúta náà wà nínú yàrá mi, mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ títí òórùn àpò fi kúrò, mo gbé e ti ògiri níwájú bẹ́ẹ̀dì. Mi ò mọ ẹni tí mo lè dá a padà fún. Àpáta tí wọ́n ti yọ ọ́ ti fọ́. Àwọn tó ni ín ti lọ, koríko ló gbẹ mọ́ wọn lójú, odò wọn gbẹ, wọ́n da màlúù wọn síwájú, wọ́n ń tẹ̀ lé omi lọ. Àpáta ò ṣeé dì sínú báàgì. Okùn yẹn ni wọ́n rí mú dání, wọ́n ń gbé e lọ láti ọwọ́ ìyá dé ọwọ́ ọmọ, títí ó fi dé Gáà tó wà lẹ́yìn ilé wa. Mo máa ń ronú lé e bí mo bá jókòó sí yàrá, tí omi àchẹ́kẹ́ ń ṣàn kọjá. Kí lèmi mú dání láti Ṣakí? Hámà kan, àti ojú tó rí okùn náà. Mo wá gbé ohun tí ojú mi rí dé ìlú onílùú, mo fi bo tòótọ́ mọ́lẹ̀.

Nígbà tó yá, nǹkan mìíràn tún bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Bíró ní ọwọ́ mi ni. Tọ̀ntọ́n ní ọwọ́ mi ni. Sẹ́ẹ̀jì tó bá mi ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ní ọwọ́ mi ni. Mo máa ń jókòó ti òkúta náà, mo máa ń wo okùn títí, mo máa ń ní ṣé kì í ṣe pé èmi ni mo gbẹ́ ẹ lóòótọ́, tí ẹnì kan rà á, tó gbé e yípo aṣálẹ̀, tó tún gbé e padà wá bá mi. Ẹ̀rù bà mí. Bí kì í bá ṣe tòótọ́, a jẹ́ pé kò sí ohun tó mọ́ kankan nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo ya fọ́tò rẹ̀ lójú oòrùn, mo fi ránṣẹ́ sí fóònù ìyá mi. Mi ò kọ ohunkóhun sí i. Kò pẹ́ tó fi pè mí, èmi tí mo máa ń pè é.

"Ta ló ya èyí?" ó ní.

"Kí lẹ rí níbẹ̀, Ìyá?"

"Ẹni tó yà á ti jókòó ti ẹni tó ń fún wàrà rí. Wo bó ṣe fi itan di igbá mú. Wo okùn ọmọ. Ta ni?"

Mo ní, "Gbogbo èèyàn níbí ló ní èmi ni."

"Ìwọ kẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìwọ kọ́."

"Ó dá yín lójú? Èmi náà máa ń so ọmọ màlúù báyẹn."

"Ara ògiri ilé ìdáná mi lo ti ń fi èédú ya màlúù kó o tó mọ ìrun kí. Títí dòní ni wọ́n wà níbẹ̀, mi ò jẹ́ kí wọ́n kùn ún. Mo mọ màlúù rẹ. Èyí bojú wẹ̀yìn, ó ń wo ọmọ rẹ̀." Ó tún ní, "Tìrẹ, iwájú nìkan ni wọ́n ń wò. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bojú wẹ̀yìn rí."

Mo gbójú sókè wo òkúta náà lára ògiri, mo wo ọrùn tó yí padà. Òótọ́ ni. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n yà, mi ò ya irú ọrùn bẹ́ẹ̀ rí.

A sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, nípa òjò, nípa ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó ní kí n máa jẹun dáadáa. Ó ní ó dàbọ̀ o. Mo di fóònù mú, mo ń retí ìbéèrè rẹ̀, ìgbà wo lò ń bọ̀, torí lọ́jọ́ náà mo ti ní èsì mìíràn lẹ́nu. Kò bi mí. Ó ti pa fóònù.